HND Civil ni mo ní, structural ni mo fẹ́ ṣe: ṣé PGD ni àbí kí n padà sí yunifásítì?

ỌmọSáìtì | Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́ ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn mọ́. Ọmọ ọdún 28 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé, HND Civil ni mo ní, Upper Credit, mo parí ní 2019, mo ti sin ilẹ̀ baba wa tán. Láti 2021 ni mo ti wà lọ́dọ̀ kọ́ńpìnì kan tó ń kọ́lé. Iṣẹ́ wíwo sáìtì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kí n ka rọ́ọ̀dù, kí n ka àpò sìmẹ́ńtì, kí n máa lé àwọn lébírà kiri, ìgbà tó yá ọ̀gá mi rí i pé mo mọ AutoCAD lò, ló bá ní kí n jókòó sí ọ́fíìsì kí n máa ya structural, ìyẹn àwòrán irin àti kọnkéré tó gbé ilé ró. Orion, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò ilé, orí YouTube ni mo ti kọ́ ọ. Ní báyìí èmi ni mò ń ṣe ìṣirò bíìmù, pílà, dẹ́kìn àti ìpìlẹ̀ fún ilé alájà kan, alájà méjì, kódà a ṣe alájà mẹ́rin kan lọ́dún tó kọjá. Ọ̀gá mi á gbé àwòrán náà lọ bá bàbá kan tó ní òǹtẹ̀ COREN (àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà), wọ́n á sanwó fún bàbá, bàbá á lù ú, ó parí.

Ohun tó ń dùn mí rèé. Oṣù tó kọjá wọ́n gba ọmọkùnrin kan wọlé, BSc lòun ní, kò tíì pé ọdún kan tó jáde, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka bending schedule, ìwé tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa gé irin tí wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́, òun ni wọ́n wá fi ṣe ọ̀gá mi, owó oṣù rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tèmi. Mo lọ ṣe ìntáfíù ní Èkó, ìbéèrè kejì tí wọ́n bi mí ni "ṣé o ní COREN?" Mo ní rárá, wọ́n ní kí n máa lọ, àwọn á pè mí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí.

Ṣé kí n lọ ṣe PGD, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà lé HND lórí, ni? Àbí kí n gba Direct Entry, tí kò ní jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti 100 level, padà sí yunifásítì? Àwọn kan ní kí n forúkọ sílẹ̀ bíi Technologist kí n sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n tà mọ́tò mi kí n lọ ṣe Masters ní London. Orí mi ti kún.

PGDLóGbéMiDé | Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

PGD ni àbúrò, má wulẹ̀ ronú jìnnà. HND lèmi náà ní, 2009. Mo ṣe PGD, ìparí ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń lọ, mo tẹ M.Eng lé e, mo ṣe ìdánwò NSE (ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà), COREN gbà mí bí ẹnjiníà pátápátá ní 2018. Mi ò fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ta ló fẹ́ lọ bá àwọn ọmọ ọdún 18 jókòó ní 200 level? Tí ASUU bá tún yanṣẹ́ lódì ńkọ́? Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ti ilé ìwé pa ní 2022, àbí ẹ ti gbàgbé.

TechnologistNiMí | Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi o, torí gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ti ní HND lòun ní, ohun tí gbogbo ayé máa ń sọ ni pé kó lọ yí i padà bíi ẹni tó jí i gbé. Ipele mẹ́rin ni COREN ń forúkọ èèyàn sí: ẹnjiníà, Technologist, technician àti oníṣẹ́ ọwọ́. HND rẹ ti gbé ọ dé ipele kejì láìfi kún un. Lọ gba ohun tó jẹ́ tìẹ ná, kí orúkọ rẹ wà nínú ìwé wọn, kí o ní nọ́ńbà. Èmi ò ní PGD, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ títì láti 2011, mo mọ laterite àti sub-base bí mo ṣe mọ ọwọ́ mi, mo mọ ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ki tó àti ìgbà tí rólà ò tíì tẹ̀ ẹ́ tó, àwọn ẹnjiníà oní-BSc ló máa ń pè mí kí wọ́n tó sọ pé kí asphalt máa bọ̀. Wà á tún rí ẹgbẹ́ wa NATE, wọ́n ń jà fún wa.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ọ́ jẹ. Technologist ò lè lu òǹtẹ̀ sí àwòrán structural ilé alájà mẹ́rin. Tó bá jẹ́ ìyẹn gan-an lọkàn rẹ fẹ́, ọ̀nà tèmi ò dé ibẹ̀.

ÌyáẸnjiníà | Ọjọ́ Ajé, 10:31 alẹ́

@PGDLóGbéMiDé ẹ ṣeun sà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi ohun tó gbé yín dé láyé ìjọ́sí júwe ọ̀nà fún ọmọ ọlọ́mọ lónìí ká sì fi mọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ ọmọbìnrin kan tó ná owó ẹgbẹ́ sórí PGD ní yunifásítì aládàáni kan, ìgbà tó gbé ìwé dé iwájú COREN ni wọ́n ní kọ́ọ̀sì yẹn ò sí nínú àwọn tí àwọn mọ̀. Ó jókòó sínú mọ́tò mi ó sunkún. Àbúrò, NUC yàtọ̀ sí COREN. NUC ló ń fọwọ́ sí i pé yunifásítì lè kọ́ èèyàn ní ohun kan, COREN ló ń wò ó bóyá ẹ̀kọ́ ẹnjiníà tó wà níbẹ̀ tó ẹni tí wọ́n á pè ní ẹnjiníà. Ilé ìwé lè ní ti àkọ́kọ́ kó má ní ìkejì. Kí o tó san kọ́bọ̀, béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé kí wọ́n fi lẹ́tà COREN hàn ọ́, kì í ṣe fún B.Eng wọn o, fún PGD yẹn gan-an, kí o wo ọdún tó wà lórí ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kí o tún gbé ìwé HND rẹ lọ sí ọ́fíìsì COREN kí o bi wọ́n lójúkojú.

Ohun kan náà ni àwọn tó ń polówó top-up orí íntánẹ́ẹ̀tì, pé HND rẹ á di dìgírì ilẹ̀ òkèèrè láàárín ọdún kan. Ó lè dára fún iṣẹ́ báńkì. Béèrè lọ́wọ́ COREN kó tó di pé o sanwó.

Tí o bá bi èmi, Direct Entry. Ọmọ ọdún 31 ni mí nígbà tí mo wọ 300 level, mo ti ní ọmọ kan, mo gbé oyún ìkejì wọ 400 level, àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní Mummy. Ojú tì mí fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà èmi ni wọ́n ń wá bá kí n ṣàlàyé fún wọn torí mo ti rí kọnkéré rí, wọn ò rí i rí. Ilé ìwé mìíràn á mú ọ sí 200, òmíràn á mú ọ sí 300, nítorí náà ọdún mẹ́rin tàbí mẹ́ta ni. NYSC ò sì tún kàn ọ́ mọ́, ẹ̀ẹ̀kan là ń sìn ín.

Ẹ̀yin obìnrin tó ń kà á tẹ ò sọ̀rọ̀, ẹ wá sí APWEN, ẹgbẹ́ àwa obìnrin ẹnjiníà, o. Láti 1958 tí wọ́n ti dá NSE sílẹ̀, ọdún 2024 ni obìnrin àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ di ààrẹ wọn, Margaret Oguntala. Àyè wà.

PGDLóGbéMiDé | Ọjọ́ Ajé, 10:44 alẹ́

Mi ò parọ́ fún un o, ìyá wa. Mo sọ ohun tí mo ṣe ni. Ṣùgbọ́n ti lẹ́tà yẹn, òótọ́ lẹ sọ, mo gbà.

BàbáMọ́kọ́lá | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀

Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín tán kí n tó dáhùn. Ẹ̀ ń sọ PGD, ẹ̀ ń sọ BSc, kò sẹ́ni tó dúró lórí ohun tí ọmọ yìí sọ kọjá bí ẹni tó ń sọ pé òun jẹ ẹ̀bà. Ó ní òun fúnra òun ló ṣe ìṣirò ilé alájà mẹ́rin, ẹnì kan lu òǹtẹ̀, wọ́n sanwó fún un. ỌmọSáìtì, ṣé bàbá yẹn bi ọ́ ní ìbéèrè kankan? Ṣé ó rí ìṣirò rẹ? Ṣé ó mọ ojú rẹ pàápàá?

Ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n mi rèé lẹ́nu structural. Òǹtẹ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Ohun tó ń sọ ni pé èmi lágbájá, nọ́ńbà mi rèé, mo yẹ ilé yìí wò, tó bá wó kí ẹ wá mú mi. Ní 1 November 2021 ilé alájà 21 wó ní Gerrard Road ní Ìkòyí, ẹ̀mí tó lé ní ogójì bá a lọ, ẹni tó ni ilé náà wà nínú wọn. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tiwọn ṣe rí. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ò mọ ẹni tó lu òǹtẹ̀ àti ẹni tí ò lù ú, ilé ni wọ́n wọ̀.

Wọ́n ti gbé àwòrán wá bá èmi náà rí, owó wà nínú àpòòwé, wọ́n ní "ẹ ṣáà bá wa lù ú, akitẹ́ẹ̀tì ti wò ó." Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí n kà á. Wọ́n gbé e lọ. Mi ò rí wọn mọ́, mo sì mọ̀ pé ẹlòmíràn lù ú.

Jẹ́ n sọ ohun kan fún ọ kí o fi yẹ ara rẹ wò. Lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn mo dé sáìtì kan ní Akóbọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ da dẹ́kìn. Míṣà ti ń yí, àwọn obìnrin ti to páànù wọn. Bálíkónì kan yọ síta ní mítà kan àbọ̀. Mo tẹ̀ba, mo wo irin. Gbogbo Y12 (irin oní mílímítà 12) tó ṣe pàtàkì, ìsàlẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, bíi ti dẹ́kìn inú ilé, òkè ò ní nǹkan kan àyàfi irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń pín ẹrù. Nínú àwòrán, òkè ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tó ń wo sáìtì, HND ló ní, ó rí àwòrán, ó ka iye rọ́ọ̀dù, iye rẹ̀ pé, ó ní kí wọ́n máa dà á. Iye ló kà, kò wo ibi tó wà. Na ọwọ́ rẹ síta kí o gbé korobá omi kọ́ ọ, ibo ló ń fà ọ́? Òkè èjìká ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni bálíkónì. Tí wọ́n bá dà á bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá yọ ọparun tó gbé e ró, tàbí ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe ìnáwó tí èèyàn mẹ́wàá dúró síbẹ̀ láti wo alujó, yóò já láti ìdí. A dá iṣẹ́ dúró, a tú u, ó gba ọjọ́ méjì, onílé ṣépè fún mi.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi ọmọ tó bá wá ìntáfíù lọ́dọ̀ mi nìyẹn. Mo máa ń fún un ní pẹ́ńsù kó ya bálíkónì kó fi irin sí i. Mo ti rí oní-Masters tó fi í sísàlẹ̀. Mo ti rí oní-ND tó fi í sókè tó tún sọ bó ṣe máa gùn wọ inú ilé tó.

Nítorí náà ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ wá kì í ṣe ilé ìwé. Wá ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ tó máa ka ìṣirò rẹ, tó máa fi bíró pupa fa ìlà sí i lábẹ́. Ọdún tí o lò lábẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lo lè kọ sínú ìròyìn tí wọ́n máa ń béèrè fún ìdánwò NSE, òun náà ló lè fọwọ́ sí ìwé rẹ. Ọdún tí o lò lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń ra òǹtẹ̀, ta ló fẹ́ jẹ́rìí sí i fún ọ?

ỌmọSáìtì | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:22 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Kí n sọ òótọ́, kò bi mí ní nǹkan kan. Mi ò rí i rí. Mo rò pé bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìgbà tí mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ mo ṣí fáìlì alájà mẹ́rin yẹn, bálíkónì wà níbẹ̀, òkè ni mo fi irin sí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí torí Orion ló bá mi fi í síbẹ̀, èmi ò tiẹ̀ ronú kàn án. Mi ò sì mọ̀ bóyá àwọn tó kọ́ ọ tẹ̀ lé e, torí ọ́fíìsì ni mo wà.

Alágbẹ̀dẹIrin | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:03 àárọ̀

Ayọ́n-bẹ́ńdà ni mí, mo ti ń tẹ irin láti 1998. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà. Bàbá sọ̀rọ̀ dáadáa ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fi kún un. Ọ̀pọ̀ nínú yín kì í sọ̀kalẹ̀ wá sísàlẹ̀. Ẹ á kọ Y16 sínú àwòrán, Y12 ni onílé rà, ta ló máa sọ fún yín? Àwa náà ò ní sọ, onílé ló ń san owó wa. Y12 pàápàá tí wọ́n ń tà lọ́jà, òmíràn ò tó 12. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, rọ́ọ̀dù Y12 tó gùn ní mítà 12 yẹ kó lé díẹ̀ ní kílò 10 àbọ̀. Mo ti gbé èyí tí ò tó 9.

Bísíkíìtì, kọnkéré kékeré tí wọ́n fi ń gbé irin kúrò lórí pákó, òun náà ńkọ́? Àwọn mìíràn kì í ṣe é rárá, irin á sùn sórí pákó, tẹ́ ẹ bá tú pákó ẹ̀ ń wo irin láti ìsàlẹ̀ dẹ́kìn bíi ìhà ewúrẹ́. Ọdún méjì, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni àwọn mìíràn fi ń gbé irin, ó máa ń yẹ̀ nígbà tí lébírà bá tẹ̀ ẹ́. Ẹnjiníà tó bá bi mí léèrè bísíkíìtì kó tó bi mí léèrè ohunkóhun, mo ti mọ̀ pé mi ò lè ṣe mágòmágó lọ́jọ́ yẹn.

BàbáMọ́kọ́lá | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:15 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an @Alágbẹ̀dẹIrin. ỌmọSáìtì, kọ ti kílò yẹn sílẹ̀. Ìwé ò kọ́ ọ ní ọjà.

TáíyéLeeds | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:37 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni kí n dáhùn ti London yẹn torí mo tọ ọ̀nà náà. Má tíì ta mọ́tò rẹ.

Mo wá pẹ̀lú HND àti PGD, yunifásítì kan níbí gbà mí fún MSc Structural, mo parí, mo rí iṣẹ́, mò ń ṣe afárá kékeré àti ògiri tó ń dá ilẹ̀ dúró. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi kí n tó sanwó rèé. Níbí, ẹnikẹ́ni ló lè pe ara rẹ̀ ní engineer, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe náà engineer ni. Ohun tí òfin dáàbò bò ni orúkọ oyè CEng (Chartered Engineer) àti IEng (Incorporated Engineer, tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀), nípasẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà bíi ICE tàbí IStructE. Mo rò pé MSc mi ti gbé mi dé CEng torí wọ́n kọ ọ́ sórí wẹ́ẹ̀bù pé "accredited". Mi ò ka ìyókù gbólóhùn náà. Ohun tí wọ́n kọ síwájú ni pé ó ka fún CEng fún ẹni tí dìgírì àkọ́kọ́ rẹ̀ náà jẹ́ èyí tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Tèmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ICE ní kí n mú gbogbo ìwé mi wá, pólì, PGD, MSc, kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́, ó sì ná mi lówó, IEng ni mo kọ́kọ́ gbà, mo ṣì ń lépa èkejì. Inú mi dùn sí IEng mi o, ẹ má fojú kéré rẹ̀, ṣùgbọ́n ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá ti ṣètò rẹ̀ láti ilé.

Ohun kejì, BS 8110, ìlànà ìṣirò kọnkéré tí wọ́n fi kọ́ wa ní pólì, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò níbí láti 2010, Eurocode 2 là ń lò. Bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti Ìbàdàn, kò gba físà.

SọfúwíàKing | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:10 ọ̀sán

Gbogbo yín ń sọ ìwé ìwé ìwé. Kọ́ Revit, kọ́ ETABS, kọ́ Tekla, kọ́ Civil 3D, gba satifíkéètì wọn, máa ṣe iṣẹ́ fún àwọn òyìnbó láti yàrá rẹ, dọ́là ni wọ́n á fi san án. COREN ò lè dá ẹ dúró. Bàbá yín ń fi pẹ́ńsù ya bálíkónì ní ayé tí kọ̀ǹpútà ti dé.

Houston_ỌmọỌ̀yọ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:55 ìrọ̀lẹ́

@SọfúwíàKing rọra o. Mo ń gba irú owó dọ́là yẹn náà, iṣẹ́ yíyà ni, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kí o ṣe ìpinnu nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á gba ohunkóhun tí o bá tẹ̀ sí i. Tí o bá gbàgbé ẹrù ògiri búlọ́ọ̀kù orí bíìmù, kò ní bi ọ́ léèrè, á kàn fún ọ ní irin tín-ín-rín pẹ̀lú àwọ̀ ewé tó dára lójú.

Àbúrò mi ỌmọSáìtì, ti Amẹ́ríkà rèé kó má bàa di pé ẹnì kan á tún fi ìyẹn tàn ọ́. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún èèyàn ní láísẹ́ẹ̀sì tirẹ̀. Ìdánwò àkọ́kọ́ ni FE, ìbéèrè 110, wákàtí mẹ́fà. Lẹ́yìn tí o bá ti ní ìrírí, ọdún mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́, o ṣe PE, ìbéèrè 80, wákàtí mẹ́jọ, orí kọ̀ǹpútà ni láti 2022. Ìdánwò ò le tó bí ìwé ṣe le. Wọ́n á gbé dìgírì tí o gbà nílé lọ yẹ̀ wò bóyá ó bá ti ABET, àwọn tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ ẹnjiníà níbí, mu. HND nìkan ò bá a mu, wọ́n sọ ọ́ fún mi lójú kòrókòró.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo gba satifíkéètì ACI (ẹgbẹ́ kọnkéré ti Amẹ́ríkà) fún yíyẹ kọnkéré wò lójú sáìtì, ìdánwò orí ìwé àti ti ọwọ́, o máa ṣe slump, ìyẹn wíwo bí kọnkéré tútù ṣe ń rọ̀ sílẹ̀ tó, lójú wọn, o máa wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, o máa rọ kọnkéré sínú sílíńdà tí wọ́n á fọ́ wò. Sílíńdà o, kì í ṣe kúbù bíi tilé. Ọdún márùn-ún ló ń lò kí o tó tún un ṣe. Iṣẹ́ ìyẹn ni mo fi jẹun kí n tó padà sí yunifásítì níbí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yege FE ní ọmọ ọdún 41. Tí mo bá tún ayé wá, mà á gba B.Eng nílé níbi tí COREN ti fọwọ́ sí i kí n tó wọ bàlúù.

TechnologistNiMí | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ kúbù tí wọ́n sọ yìí, ohun tó lè fún ọ níṣẹ́ kíákíá nìyẹn. Lọ kọ́ iṣẹ́ láàbù. Kúbù 150 mílímítà, tí agbára kọnkéré rẹ bá jẹ́ 25 N/mm², ó yẹ kí ẹ̀rọ ka nǹkan bíi 562 kilonewton kó tó fọ́ lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ keje ó yẹ kó ti tó bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe láìjẹ́ kí kọngílá fi nọ́ńbà tó wù ú síbẹ̀ ò pọ̀.

Iṣẹ́ÌjọbaNiMí | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:48 alẹ́

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ló wà lọ́kàn rẹ, láti ọdún pípẹ́ wá ni BSc ti ń wọlé ní level 8, HND ní level 7, oní-HND á sì dúró ní 14 bó ti wù kó mọṣẹ́ tó. Mo ti rí ẹni tó kọ́ ọ̀gá mẹ́ta níṣẹ́, tó sì fẹ̀yìn tì lábẹ́ ẹ̀kẹrin. Wọ́n ń sọ ọ́ pé àwọn máa fòpin sí i, ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́. Èmi fara mọ́ ìyá wa, Direct Entry.

PGDLóGbéMiDé | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:02 alẹ́

Owó ilé ìwé ọdún mẹ́ta àti oúnjẹ ọdún mẹ́ta, ta ló fẹ́ san án? Ẹ bi í bóyá ó ní ìyàwó, bóyá ìyá rẹ̀ ń retí owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí ò bá ka owó, ìmọ̀ràn olówó ni.

ỌmọSáìtì | Ọjọ́ Ẹtì, 10:17 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ gbogbo yín, ẹ má bínú pé mo dákẹ́. @PGDLóGbéMiDé ẹ̀gbọ́n, ẹ gba ọ̀rọ̀ mi sọ, mi ò tíì níyàwó ṣùgbọ́n èmi ni mò ń san owó ilé ìwé àbúrò mi, ó ku ọdún kan kó jáde.

Mo gbé ìwé mi lọ bá ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣètò ìforúkọsílẹ̀, ó ní kí n mú orúkọ ilé ìwé wá ná kí n tó sọ pé PGD. Yunifásítì méjì ni mo kọ̀wé sí. Ọ̀kan fi lẹ́tà COREN ti B.Eng ránṣẹ́, kò fi ti PGD ránṣẹ́, mo tún béèrè, wọn ò dáhùn mọ́. Ìyẹn ti dá mi lóhùn. Mo máa gba fọ́ọ̀mù JAMB Direct Entry ọdún tó ń bọ̀, tí àbúrò mi bá ti jáde. Ṣáájú ìgbà yẹn mo máa forúkọ sílẹ̀ bíi Technologist, bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí, torí ó jẹ́ tèmi.

Mo bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ lórí òǹtẹ̀. Mo ní tí a bá tún gbé àwòrán lọ, kí bàbá yẹn jẹ́ kí n wá ṣàlàyé ìṣirò fún òun kó tó lù ú. Ọ̀gá mi wò mí, ó ní ṣé mo ti fẹ́ máa kọ́ òun níṣẹ́ ni. Lónìí ó gba iṣẹ́ alájà méjì tuntun kan, ọmọ BSc yẹn ló gbé e fún.

Mo lọ sí ilé alájà mẹ́rin yẹn lọ́jọ́ Àlàmísì. Àwọn èèyàn ti kó wọ ibẹ̀. Obìnrin kan sá aṣọ ọmọ ọwọ́ sórí bálíkónì ní alájà kẹta. Mo dúró nísàlẹ̀ mo ń wo abẹ́ rẹ̀ bóyá mà á rí ìlà tó là, mi ò rí nǹkan kan. Mo dúró pẹ́ títí obìnrin náà fi bi mí pé ta ni mò ń wá.

BàbáMọ́kọ́lá | Ọjọ́ Ẹtì, 10:40 alẹ́

Kó ìṣirò ilé yẹn wá sí ọ́fíìsì mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́wàá àárọ̀. Gbogbo rẹ̀. Má gbé kọ̀ǹpútà wá. Mú bíìmù kan tó gùn jù nínú rẹ̀, kí o fi ọwọ́ ṣe é sórí ìwé, ẹrù rẹ̀, irin rẹ̀, bó ṣe máa tẹ̀ sí, kí o tó dé. A máa wò ó pọ̀, tí nǹkan kan ò bá dára níbẹ̀ èmi àti ìwọ la jọ máa lọ bá ọ̀gá rẹ àti onílé. Mà á fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí àpótí ọ̀rọ̀ rẹ.

Alágbẹ̀dẹIrin | Ọjọ́ Ẹtì, 10:52 alẹ́

Bàbá, tẹ́ ẹ bá ń lọ wo ilé yẹn ẹ pè mí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi òòlù gbọ́ ohùn kọnkéré.

ỌmọSáìtì | Ọjọ́ Ẹtì, 10:58 alẹ́

Ẹ ṣeun sà. Mà á ti dé kó tó di aago mẹ́wàá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ bíìmù náà, mítà 6 ni, ògiri búlọ́ọ̀kù wà lórí rẹ̀.